Ẹ Bá Wa La Ọ̀nà Tí Olóòótọ́ Lè Gbà: Ẹ̀bẹ̀ sí Ìjọba láti Ìrókò

Sí Mínísítà tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀ àti ọrọ̀-ajé orí ẹ̀rọ, Ọ̀mọ̀wé Bọ̀sún Tìjání. Sí àjọ NCC tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀. Sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àti sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Akinyẹlé ní Mọ́níyà.

Ìrókò la ti ń kọ ìwé yìí, lójú ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, béèyàn bá ti kọjá Mọ́níyà tí kò sì tíì dé Fìdítì. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Àwọn ìyá wa ń din gàrí, wọ́n ń ta àgbàdo àti ẹ̀fọ́. Àwọn ọmọ wa ń gun ọ̀kadà, wọ́n ń fi ẹ̀rọ POS sanwó fún èèyàn, wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì ń retí èsì JAMB, ìdánwò ìwọlé yunifásítì.

Ọ̀rọ̀ méjì làwọn èèyàn máa ń sọ nípa irú wa. Wọ́n ní ará oko kò mọ̀ ju kó máa ráhùn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa. Wọ́n tún ní àwọn ọmọ wa ń jalè lórí ẹ̀rọ: fíìmù tí wọn kò sanwó rẹ̀ ni wọ́n ń wò, sọ́ọ̀fúwíà tí wọ́n ti kírákì ni wọ́n ń lò. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti burú tí dátà sì wọ́n, ibẹ̀ lẹni tó ń ta iṣẹ́ oníṣẹ́ ti ń rí ọjà tà. Ohun tí a wá bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ jẹ́ kó rọrùn fún ẹni tó fẹ́ ṣòótọ́ láti ṣòótọ́, kí ọwọ́ òfin tó sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹni tí kò ṣe é.

Lójú títì, fóònù ń ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n àyè kan. Bí ẹ bá yà kúrò níbẹ̀, tí ẹ forí lé àwọn abúlé inú oko, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa wá, á máa lọ. Àwọn èèyàn ti mọ ibi tí wọ́n ti lè rí i: orí òkè kan, abẹ́ igi kan, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ dúró sí bí wọ́n bá fẹ́ pe ọmọ wọn l'Ékòó. Ìyá tó ta gàrí fún oníbàárà láti Bódìjà n'Íbàdàn, tí oníbàárà ní òun ti fi owó ránṣẹ́, kò lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni títí yóò fi rìn dé ibi tí àlẹ́ẹ̀tì báńkì ti lè wọlé. Nígbà yẹn, ọkọ̀ ti gbéra, gàrí ti lọ. Oní-POS tí ẹ̀rọ rẹ̀ kọ̀ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ọjà, òun ni wọ́n ń pè ní oníjìbìtì, bẹ́ẹ̀ òun náà kò mọ ibi tí owó há sí. Ọmọ tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún JAMB gbọ́dọ̀ ní NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ará ìlú, ó gbọ́dọ̀ fi fóònù gba kóòdù. Ìjọba ló ní ká ṣe gbogbo èyí, a sì ń ṣe é tọkàntọkàn. A kò sọ pé kí ẹ dá wa padà sáyé àtijọ́.

A kò sì gbàgbé ayé àtijọ́ náà. Kí fóònù alágbèéká GSM tó dé ní 2001, ìlà tẹlifóònù NITEL, ilé-iṣẹ́ ìjọba, tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò ju bí ìdajì mílíọ̀nù lọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ MTN àti Econet dé, inú wa dùn, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọ́n ń gba owó rẹ̀, bó o tilẹ̀ sọ "ẹ̀lóò" lásán tí ìpè já. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri orílẹ̀-èdè yìí pa fóònù wọn láti fi hàn pé owó ìpè ti pọ̀ jù. Ọdún yẹn gan-an ni Glo wọlé, tó ń fi ìṣẹ́jú-àáyá ka owó ìpè, ohun tí àwọn tó ti wà lọ́jà tẹ́lẹ̀ sọ pé kò tíì ṣeé ṣe. Nígbà tó yá, gbogbo wọn ló ṣe é. À ń rántí èyí nítorí pé ohun tí ilé-iṣẹ́ ní kò ṣeé ṣe máa ń ṣeé ṣe, bí ará ìlú bá sọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn sì wọ ọjà bá wọn.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi owó lé owó wọn, tó lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Àlàyé wọn ni pé láti 2013 ni iye tí wọ́n ń gbà ti wà lójú kan, bẹ́ẹ̀ dísù ti wọ́n, náírà sì ti wálẹ̀. A gbọ́ àlàyé náà. Àwa náà ń ra epo sí ẹ̀rọ tí a fi ń rin gbágùúdá, a mọ ohun tí ojú wọn ń rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ ṣe ìwé Ètò Bródíbáàǹdì Orílẹ̀-èdè ti 2020 sí 2025. Nínú rẹ̀ ni ẹ ti ṣèlérí pé 1GB kò ní ju 390 náírà lọ, pé ìgbèríko yóò máa rí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sáré tó 10Mbps ó kéré tán, àti pé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún yóò ti ní bródíbáàǹdì nígbà tí 2025 bá fi parí. Nígbà tí 2025 dé ìdajì, kò tíì tó ìdá 50. Ní ti owó, ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, bí àwa ti ń rà á, ń san ju 390 náírà lọ dáadáa lórí 1GB, nígbà tí ẹni tó lówó ra rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà ń rí i ní ẹ̀dínwó. Ẹni tí kò ní tó ló ń san èyí tó pọ̀.

Ọ̀ràn kan wà nínú èyí tó ń dùn wá wọra. Dátà ní ọjọ́ tó máa kú. Bí ará Bódìjà bá ra ti ọ̀sẹ̀ kan, yóò lò ó tán. Bí ará abúlé Ìrókò bá rà á, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lọ fún ọjọ́ mélòó kan, ọjọ́ á pé, dátà á kú sínú fóònù. Owó ti wọlé sápò ilé-iṣẹ́, ẹni tó sanwó kò rí nǹkan kan lò. A ti pe nọ́ńbà oníbàárà títí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dáhùn, wọ́n á ní ká pa fóònù ká tún tàn án.

Ní 2025 náà, NCC pàṣẹ pé bí ìdádúró ńlá bá ṣẹlẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ sọ fún àwọn oníbàárà, kí wọ́n sì ṣe ẹ̀san fún wọn bó bá ju wákàtí 24 lọ, irú bíi kí wọ́n fi ọjọ́ kún dátà wọn. Àṣẹ tó dára ni, a sì dúpẹ́. Àmọ́, ẹ wo ohun tí wọ́n ń kà sí ìdádúró ńlá: èyí tó bá kan ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ọgọ́rùn-ún òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, àti irú wọn. Òpó kan ṣoṣo ló ń sin odidi àwọn abúlé wa. Bí ó bá kú fún ọ̀sẹ̀ kan, kò kan ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún. Kò ní wọ ìwé. Ẹ̀yin àgbà NCC, ẹ̀bẹ̀ wa àkọ́kọ́ nìyí: ẹ jẹ́ kí òpó kan tó kú ju wákàtí 24 lọ ní ìgbèríko tó ohun tí wọ́n ń ṣe ẹ̀san fún, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pe nọ́ńbà yín, 622, láti fẹjọ́ sùn. Ilé-iṣẹ́ fúnra wọn ń rí i lórí ẹ̀rọ wọn nígbà tí òpó bá kú. Kí ọjọ́ tí òpó fi kú máa fi ara rẹ̀ kún dátà ẹni tó wà lábẹ́ òpó náà.

Ìlú ńlá náà ti tọ́ irú ìyà yìí wò: ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já lẹ́bàá Abidjan. Báńkì dákẹ́ l'Ékòó, ọ́fíìsì dákẹ́, gbogbo ayé sọ ọ́ lórí rédíò. Ìyà tí wọ́n jẹ lọ́jọ́ mélòó kan yẹn, òun là ń jẹ lọ́dọọdún níbí.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ fíìmù. Ní ọjà èyíkéyìí lójú ọ̀nà wa, ẹ ó rí ọmọkùnrin kan tó jókòó ti láptọ́ọ̀pù, ẹ̀rọ amúnáwá kékeré ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń fi fíìmù àti orin sí mẹ́mórì fún èèyàn. Owó díẹ̀ lẹ máa fún un, fóònù yín á kún fún fíìmù Yorùbá tó jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn tó ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ni ìyá alákàrà, ọlọ́kadà, àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀. Wọn kò bínú sí òṣèré kankan. Wọ́n fẹ́ràn wọn gan-an ni! Ṣùgbọ́n sinimá kò sí ní Ìrókò, kò sí ní Mọ́níyà. Àwọn tó ń ta síídì ti kógbá wọlé. Bí wọ́n bá fẹ́ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fíìmù kan lè jẹ 1GB, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá tilẹ̀ gbà á. Ọmọ oní-mẹ́mórì nìkan ni ọ̀nà tó là sílẹ̀.

A kò gbè lẹ́yìn olè. A mọ ohun tí páírésì ti ṣe fún àwọn èèyàn wa. Àwọn àgbà tó wà láàárín wa sanwó wo Bàbá Sàlá, Mósè Ọláìyá, nígbà tí ẹgbẹ́ Alàwàdà rẹ̀ ń ṣeré káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1982, ó gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde. Ó yá owó báńkì láti fi ṣe é. Àwọn páírétì dà á sórí fídíò, wọ́n ń tà á kiri, àwọn èèyàn jókòó sílé wọn wò ó, gbèsè sì wọ bàbá náà lọ́rùn. Títí ó fi kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, ìyà iṣẹ́ yẹn kò kúrò nínú ìtàn ayé rẹ̀. Ẹni tó pa odidi ìran kan lẹ́rìn-ín kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sọ di onígbèsè. Bí ẹkún bá wà nínú ọ̀ràn yìí, ti àwọn òṣèré ló yẹ kó kọ́kọ́ dé etí yín, kí tiwa tó tẹ̀ lé e.

Òfin wà báyìí. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022, tí Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, fún oníṣẹ́ lágbára láti ní kí wọ́n yọ iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jí kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì jẹ́ kí àjọ Nigerian Copyright Commission lè ti ìkànnì tó ń tà á pa. Ẹ lò ó. Ẹ lò ó fún àwọn tó ń jí fíìmù gbé láti orísun, tí wọ́n ń kó o sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ilẹ̀ tó mọ́, tí owó ìpolówó ń wọlé fún wọn. Bí ẹ bá rán ọlọ́pàá sí ọmọ oní-mẹ́mórì ní ọjà Ìrókò, láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ni wọ́n á gbà. Lọ́sẹ̀ kejì, ọmọ mìíràn á jókòó síbẹ̀.

Ohun tí àwa rò ni pé kí ẹ sọ ọmọ náà di alágbàtà òṣèré. TAMPAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré wa, wà nílẹ̀. Àjọ ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ wà. Ìjọba ìbílẹ̀ wà. Ẹ pè wọ́n jókòó. Kí ọmọ tó bá fẹ́ máa fi fíìmù sí mẹ́mórì gba ìwé-àṣẹ ní Mọ́níyà, kí fíìmù tó wá láti ọwọ́ olóhun wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀, kí owó kékeré tí ìyá alákàrà san pín sí méjì, apá kan fún un, apá kan fún òṣèré. Òun ló mọ ẹni tó fẹ́ràn Fẹ́mi Adébáyọ̀, òun ló mọ ẹni tó ń béèrè fíìmù Kúnlé Afọláyàn. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ pínpín fíìmù. Owó ni kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí gbà pé àwọn tó pọ̀ jù láàárín wa á san án, nítorí pé wọ́n ti ń sanwó fún un tẹ́lẹ̀.

Ti sọ́ọ̀fúwíà yàtọ̀ díẹ̀. BSA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ sọ́ọ̀fúwíà, gbé ìwádìí jáde ní 2018 pé nínú ọgọ́rùn-ún sọ́ọ̀fúwíà tí wọ́n gbé sórí kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà, 80 ni kò ní ìwé-àṣẹ. Kò yà wá lẹ́nu. Ẹni tó ń tẹ ìwé fún èèyàn ní Mọ́níyà ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, wọ́n ti kírákì Windows àti Office sínú rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Kò mọ̀ pé ohun kan wà láti rà. Bó bá sì mọ̀, dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé ọ̀pọ̀ sọ́ọ̀fúwíà. Ní 2022, ọ̀pọ̀ báńkì dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, lẹ́yìn náà wọ́n dá a dúró pátápátá, ó sì di 2025 kí àwọn kan nínú wọn tó tún ṣí i. Fún ọdún mélòó kan, ẹni tó fẹ́ fi káàdì náírà sanwó kò rí ọ̀nà san án. Kírákì yìí sì ń jẹ wá níyà, nítorí ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ti ń wọlé. Tíṣà á fi fláàṣì gbé máàkì akẹ́kọ̀ọ́ lọ tẹ̀, nígbà tó bá padà dé ilé-ìwé, gbogbo fáìlì ti bàjẹ́.

Ọ̀nà kan wà tí kò ná ìjọba ní owó ńlá. Sọ́ọ̀fúwíà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú òfin wà. LibreOffice ń tẹ ìwé, ó ń ṣírò owó. Ubuntu, tó lè rọ́pò Windows, tí Mark Shuttleworth ọmọ South Africa dá sílẹ̀ ní 2004, lè ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ti gbó. Kò sí olè nínú lílò wọn. Ọlọ́lá Gómìnà, ẹ jẹ́ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n kọ́ ọmọ, kí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ sì máa gba ìwé tí wọ́n fi wọ́n tẹ̀. Bí ọmọ bá ti inú ilé-ẹ̀kọ́ mọ ohun tó tọ́, kò ní wá kírákì kiri nígbà tó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Ẹ tún bá wa sọ fún àwọn tó ń ṣe áàpù fún àgbẹ̀ kí wọ́n rántí ibi tí a ń gbé. IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Mọ́níyà níbí láti 1967, bá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania l'Amẹ́ríkà ṣe áàpù kan tó ń jẹ́ Nuru. Ẹ fi kámẹ́rà fóònù wo ewé gbágùúdá, á sọ àrùn tó ń bá a jà fún yín, kódà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Ní 2013, ìjọba Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ṣe ẹ̀rọ Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò wà nínú rẹ̀ láìlo dátà. Ètò yẹn ní àléébù, ṣùgbọ́n àwọn tó ronú rẹ̀ mọ̀ pé ọmọ tí kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ń lọ sílé ìwé. Ètò 3MTT tí Mínísítà wa gbé kalẹ̀ láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn ní iṣẹ́ orí ẹ̀rọ dára púpọ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa sì fẹ́ ẹ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ wà. Ẹ ṣètò ibì kan ní Mọ́níyà tí ọmọ abúlé lè wá jókòó sí, kí ó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, kí ó sì gbé e lọ sílé.

Ní ti wáyà, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní 2024 pé kí wọ́n ri 90,000 kìlómítà wáyà fáíbà mọ́lẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. A bẹ̀ yín, kí ó má ṣe gba ojú títì kọjá wa lọ sí Ọ̀yọ́ kí a máa fi ojú wò ó. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka rẹ̀ ya wọ Ìrókò, kí ó dé ilé-ìwòsàn àti ilé-ìwé. Owó tí wọ́n ń gbà lórí ilẹ̀ tí wáyà gbà kọjá, àwọn gómìnà fẹnu kò ní 2020 sí 145 náírà lórí mítà kan. A bẹ Gómìnà wa kí ó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sì fi sílẹ̀ pátápátá fún ilé-iṣẹ́ tó bá gbà láti wọ ìgbèríko. Owó USPF, tí òfin ọdún 2003 dá sílẹ̀ nítorí ibi tí ilé-iṣẹ́ kò fẹ́ dé, irú wa ni wọ́n ṣe é fún. Kí àwọn òṣìṣẹ́ NCC láti Ìbàdàn wá wọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ka ohun tí wọ́n bá rí lórí Amúlùdùn FM ní Mọ́níyà, lédè Yorùbá, kí olúkúlùkù gbọ́ orúkọ abúlé rẹ̀.

Àwa náà mọ ohun tó kàn wá. Ààrẹ Tinubu bu ọwọ́ lu àṣẹ kan ní oṣù kẹfà ọdún 2024 tó sọ òpó àti wáyà ìbánisọ̀rọ̀ di dúkìá tí orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ dáàbò bò. A ó bá àwọn baálẹ̀ àti ọdẹ wa sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má jí dísù tàbí bátìrì òpó ní ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá ń walẹ̀ fún gọ́tà tàbí ìpìlẹ̀ ilé yóò kọ́kọ́ béèrè ibi tí wáyà gbà. Bí ilé-iṣẹ́ bá sì nílò ilẹ̀ fún òpó kejì nínú oko, a ó bá wọn jókòó, a ó ṣe é kíákíá, kò ní sí gbígba owó ọmọ onílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí ilẹ̀ kan. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ rán ẹni wá, kí ó jẹ́ ọjọ́ ọjà, kí ẹ lè bá oní-POS, ìyá onígàrí àti ọmọ oní-mẹ́mórì sọ̀rọ̀ fúnra yín.

Àwa ni tiyín nínú iṣẹ́ ìlú,
àwọn àgbẹ̀, oníṣòwò, òbí àti ọ̀dọ́ Ìrókò àti àwọn abúlé rẹ̀.